Ohun Tí MP3 Gé Dànù, Tí FLAC Tọ́jú

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1982, ilé iṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ Philips ní Langenhagen, nítòsí Hannover ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwo CD fún títà. The Visitors, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ABBA, ló ṣíwájú. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn Philips àti Sony, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wọn ìró orin nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Orin náà mọ́ gaara, àmọ́ ó ń jẹ àyè: ìṣẹ́jú kan péré tó mẹgabáìtì 10.

Èyí ò ni àwo lára. Kọ̀ǹpútà ló ni lára. Ní 1995, àyè inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé kò ju gígabáìtì kan lọ, àwo CD kan tó kún sì lè gba ju ìdajì rẹ̀.

Ní ilé ìwádìí Fraunhofer ní Erlangen, Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ojútùú tipẹ́. Etí ọmọ èèyàn ni wọ́n wò. Bí ìró ńlá bá dún, etí kì í sábà gbọ́ ìró kékeré tó bá a rìn. Kí ló dé tí fáìlì yóò fi máa ru ohun tẹ́nìkan ò gbọ́? Brandenburg fi Tom's Diner, tí Suzanne Vega fi ohùn nìkan kọ láìsí ohun èlò orin, dán iṣẹ́ náà wò. Ohùn obìnrin náà kọ́kọ́ bàjẹ́, wọ́n sì tún un ṣe léraléra. Ní oṣù Keje 1995 ni wọ́n fẹnu kò sí orúkọ .mp3. Ní kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fáìlì náà dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá.

Gbogbo ayé gbà á. Ní 2001, iPod àkọ́kọ́ kó orin 1,000 sínú gígabáìtì 5. Ní ọjà Alábà l'Ékòó, àwo MP3 kan ṣoṣo ń kó iṣẹ́ olórin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àmọ́ ohun tí MP3 bá ti gé dànù ti lọ nìyẹn. Bí èèyàn bá tún yí i sí oríṣi fáìlì mìíràn tó ń gé nǹkan, àdánù ń gorí àdánù ni.

Ọdún 2001 kan náà ni Josh Coalson gbé FLAC àkọ́kọ́ tó pójú owó jáde lọ́fẹ̀ẹ́. FLAC ń ká orin bí ìgbà tí a ká agbádá sínú àpótí: ó dín sí nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, bí a bá sì tú u, kò sí nọ́ńbà kan tó sọnù. Apple ṣe tirẹ̀, ALAC, ní 2004.

Nígbà tí àyè ìkóǹkanpamọ́ di tẹrabáìtì, ìdí tí wọ́n fi ń gé orin kù díẹ̀ káàtó. Àwo CD 300 ní FLAC kì í sábà ju gígabáìtì 120 lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti fi MP3 da àwo wọn sínú kọ̀ǹpútà tún tú páálí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí, FLAC ni wọ́n ń fi pamọ́ sílé. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe MP3 fún ọkọ̀ àti fóònù.