Àwòṣe, Kì Í Ṣe Ayédèrú

Yàrá kan wà lẹ́yìn Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ti fara kanra. Ibẹ̀ ni arábìnrin kan ti ń fọwọ́ rán báàgì aláwọ. Mo mú ìwé àti bírò lọ, nítorí ó fẹ́ kí n bá òun kọ ìlànà iṣẹ́ náà ní Yorùbá fún àwọn ọmọọṣẹ́ òun.

Èyí tó wà lórí tábìlì rẹ̀ jọ báàgì Kelly ti ilé-iṣẹ́ Hermès, àmọ́ kò sí orúkọ Hermès lára rẹ̀. Mo béèrè ohun tí a ó máa pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pè é ní ayédèrú o. Mo wò ó ni, mo sì ṣe tèmi.”

Ó wò ó, ó ṣe é: àwòṣe. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n tẹ orúkọ olórúkọ sí lára kí wọ́n lè fi tan oníbàárà. Mo mọ̀ pé ohun tí a ń wò ṣe ni a sábà ń pè ní àwòṣe; mo fẹ́ kí ó gba ohun tí a wò ṣe náà mọ́ra. Kelly gan-an ò jẹ́ Kelly láti ìbẹ̀rẹ̀. 1977 ni Hermès tó fi orúkọ òṣèré Grace Kelly pè é. Awọ ewúrẹ́ pupa ti Kano àti Sókótó ńkọ́? Ó gba aṣálẹ̀ kọjá sí Mòrókò kó tó dé Yúróòpù, orúkọ Mòrókò ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀ títí dòní.

Ibi irinṣẹ́ ni ojú ti tì mí. Mo ti kọ “àmúga” sílẹ̀ fún ohun tó fi ń sàmì ojú ihò. Ó bú sẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, fọ́ọ̀kì ìjẹun lásán sì ni: ó gbé eyín rẹ̀ lé etí awọ, ó fi òòlù gbá a jẹ́jẹ́, àmì mẹ́rin tò tẹ̀léra wọn. Ó wá mú irin ṣóńṣó kan, ó fi dá wọn lu. Ìlu ni àwọn àgbà ń pè é. Abẹ́rẹ́ ṣúmékà ni òun mọ̀. Mo kọ méjèèjì.

Rírán ló gbà wá lákòókò jù. Òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ìdí. Tọ̀tún wọ ihò, tòsì náà gba ihò kan náà, wọ́n ré ara wọn kọjá, ó fà á le. Bí òwú bá já lójú kan, ìyókù ò ní tú bíi ti ẹ̀rọ. Gàárì ẹṣin ni òyìnbó fi sọ irú rírán yìí lórúkọ. Kò burú: ohun ìjánu ẹṣin ni Hermès fi bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní 1837, àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ náà sì ń ṣe gàárì, tìmùtìmù àti làbà tí oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ẹṣin etíkun tí wọ́n ń fi gbowó nìkan ni ọmọ Ajégúnlẹ̀ mọ̀. “Rírán alábẹ́rẹ́ méjì” ni mo kọ, kí orúkọ náà lè máa kọ́ ọmọọṣẹ́ bí ọ̀gá ò bá sí nílé.

Òun gan-an ló fún mi ní “fífá etí”, nígbà tó ń fi abẹ dín etí awọ kù kó lè ṣeé ṣẹ́. Ìṣẹ́tí wà lọ́wọ́ àwọn télọ̀ tipẹ́. Bọ́tìnnì tó ń fa ara rẹ̀ mọ́ra di bọ́tìnnì olóòfà. Síìpù àti gọ́ọ̀mù, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n: wáàfù Àpápá ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n sì gbé orúkọ wọn dání. Ẹni tó bá ṣẹ̀dá orúkọ gígùn fún síìpù, kó lọ fi rà á lọ́jà.

Ibì kan ló kù. Awọ tóóró tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn báàgì, tó ń jẹ́ kó fẹ̀, “ìhà” ni ọ̀gá ń pè é; “ẹ̀gbẹ́” ni ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Ìlàjẹ ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán báàgì, kí ni ẹ ń pè é lọ́dọ̀ tiyín? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi kí n tó gbé ìwé náà fún un.