A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Nígbà tí àwọn kan bá jókòó sẹ́yìn ẹni, tí wọ́n ń pinnu ohun tó kàn án, àwọn àgbà a ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹni tí abẹ máa kàn lára ló yẹ kó sọ ibi tí abẹ ò gbọdọ̀ dé. Òwe yìí bá bí wọ́n ṣe ń yan àwọn adarí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu gẹ́lẹ́. Aráàlú ló ni ẹ̀tọ́, àmọ́ ìjọba, tí wọ́n sábà máa ń fẹ̀sùn kàn pé ó tẹ ẹ̀tọ́ náà lójú, ni afọbajẹ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Washington, tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ṣe ibùjókòó. Ọdún 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ OAS, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù. Kọmíṣánnà méje ló ní, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, gbogbo kọmíṣánnà fẹnu kò pé kí Paulo Abrão, ọmọ Brazil, tún lo ọdún mẹ́rin sí i nípò náà. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Luis Almagro, akọ̀wé àgbà OAS nígbà náà, ní òun ò fọwọ́ sí i, nítorí ẹ̀sùn tí àwọn òṣìṣẹ́ kan fi kàn án. Ó yẹ kí wọ́n wádìí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ dójú àmì. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo yí ìpinnu ìgbìmọ̀ tó yẹ kó dá dúró padà, ewu ńlá ni. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ káàkiri ilẹ̀ náà figbe ta. Abrão ò padà sípò, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń wá arọ́pò rẹ̀, wọ́n gbé orúkọ àwọn tó kù sí ìpele ìkẹyìn síta kí aráàlú lè sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa wọn. Tania Reneaum Panszi, tó ti darí Amnesty International ní Mẹ́síkò rí, ló gbapò ní oṣù kẹfà ọdún 2021.

Ti àwọn kọmíṣánnà fúnra wọn tún le jù. Orílẹ̀-èdè ló ń dìbò yàn wọ́n, wọ́n sì máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ ìbò: bá mi gbé tèmi wọlé níbí, màá bá ọ gbé tìrẹ wọlé lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ aráàlú fi ń kó àwọn onímọ̀ tí kò sí lábẹ́ ìjọba kankan jọ láti ọdún 2015. Wọ́n ń yẹ ìwé olùdíje wò, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì ń tẹ èsì jáde kí ìdìbò tó wáyé. Lọ́dún 2017, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ẹni tí Ajẹntínà fà kalẹ̀ kò kúnjú òṣùwọ̀n. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè dìbò ní Cancún, ní Mẹ́síkò, kò wọlé. Àwọn onímọ̀ yẹn kò ní ìbò kan ṣoṣo.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà ńkọ́? Banjul, ní Gáńbíà, ni ìgbìmọ̀ tiwa wà. Àwọn mọ́kànlá ló ń jókòó níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà mẹ́fà, Dupe Atoki láti Nàìjíríà sì ṣe alága rẹ̀ láti 2011 sí 2013. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tọdún 1981 ní olúkúlùkù gbọ́dọ̀ sìn lórúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe lórúkọ ìjọba. Síbẹ̀, mínísítà àti aṣojú ìjọba ti jókòó níbẹ̀ rí. Lọ́dún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà kọ̀wé sí àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n yé fa irú wọn kalẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kún ara àwọn tí yóò yan olùdíje. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, inú yàrá mínísítà ni orúkọ ti ń jáde.

Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn yunifásítì wa kò gbọdọ̀ dúró títí wọn yóò fi gbọ́ orúkọ lórí rédíò. Nígbà tí Àbújá bá tún fẹ́ fi orúkọ ránṣẹ́, kí wọ́n béèrè pé: ibo ni wọ́n ti polówó ipò náà, àwọn wo ló du ipò náà, ta ló sì yẹ ìwé wọn wò?