Iná Ààrò àti Iná Ogun: Ohun tí Ìtàn Kétu Gbàgbé

Bí a bá bi ọmọ Kétu pé ìgbà wo ni iná jó ìlú rẹ̀, 1886 ni yóò dá wa lóhùn. Ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, ṣẹ́gun Kétu, tí wọ́n dáná sun ún, tí wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú. Ìgbà tí àwọn Faransé gba Abomey ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó ráyè padà wá tún ìlú wọn kọ́. Iná yìí wà nínú ìwé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná mìíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín: èyí tó ta láti inú ààrò, tí ọ̀tá kankan kò rán níṣẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí akọ̀wé ka irú rẹ̀ sí ìtàn. Èrò mi ni pé àwọn baba àti ìyá wa kọ ọ́ sí ibi méjì: ara ilé àti ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé. Kí páànù tó dé, koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni a fi ń bo òrùlé. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, òrùlé a gbẹ, ẹyinná kan ṣoṣo sì tó láti sọ agbo ilé di eérú, nítorí òrùlé ilé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti èkejì. Ògiri amọ̀ kì í jó. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń ṣe àjà: wọn a to igi pẹ́kípẹ́kí sórí ògiri, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ibi ìkẹ́rù lásán ni àjà. Bí òrùlé bá ń jó, amọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ ẹrù àti ènìyàn tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá mi àgbà sọ fún mi nípa iná tó jó ilé wọn ní Kétu. Wọ́n se ọbẹ̀ tán, wọ́n fa igi jáde nínú ààrò, wọ́n lọ pọn omi. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé ẹyinná sórí òrùlé. Àjà ló gba àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn lọ́dún náà là. Gbogbo ará ilé ní afẹ́fẹ́ ló fà á. Àwọn nìkan ló ń sọ pé, “Ọwọ́ mi ni.” Títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀, wọn kì í sùn láìbu omi sí eérú, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ń jẹ́rìí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: lónìí, gbèsè tàbí ìjà la máa ń pa á fún, ṣùgbọ́n abẹ́ koríko ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ń sùn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: òwe yìí fi hàn pé iná kì í bẹ̀rù ààfin, àti pé gbogbo ìlú ló ń bá ọba tún ilé kọ́. Kò sọ pé ilé tálákà tó jó bù sí ẹwà.

Páànù dé, ẹ̀rù ẹyinná sì dín kù. Ṣùgbọ́n iná wá ọ̀nà mìíràn. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fà wá láti Nàìjíríà, tí a ń pè ní kpayo, wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì wà nínú ilé pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná ṣẹ́ yọ níbi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké; ó pa ènìyàn tó lé ní 30. Ọgbọ́n àtijọ́ kò ká irú iná yìí. Òórùn epo a máa rọra gba ilẹ̀ lọ bá iná níbi tó wà. Àjà kò lè dá a dúró. Omi tí ìyá mi àgbà gbẹ́kẹ̀ lé gan-an a máa tan iná epo kálẹ̀ ni, nítorí epo ń léfòó lórí omi. Yanrìn ló yẹ kó wà nítòsí, kí epo sì jìnnà sí ilé ìdáná.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìtàn sílẹ̀ ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́: lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè nípa ogun, ẹ béèrè nípa ààrò pẹ̀lú, lọ́wọ́ àwọn ìyá. Ẹ má bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n yí padà lọ́jọ́ kejì.