Iná Tó Jáde àti Iná Tó Kú Sínú: Ìlà Òkè Kamẹrúùnù àti Àṣìsọ Kan Nípa Àpáta Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú àpilẹ̀kọ kan tí akẹgbẹ́ wa kan gbé jáde láìpẹ́ yìí, ó sọ pé òkè ayọnáyèéfín tó sùn ni àpáta Ìdànrè, Olúmọ àti òkè Àdó-Àwáyé. Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú òkè Kamẹrúùnù, pé iná abẹ́ ilẹ̀ ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí àwọn òkè wa yóò jí. Ẹ̀rí mẹ́ta ló tò sílẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkògòsì, adágún Ìyákẹ̀ tó wà lórí òkè Àdó-Àwáyé, àti ilẹ̀ tó mì tìtì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984. Mo ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Èdè rẹ̀ dùn, ó sì ti ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọmọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ilẹ̀ tó ń tẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó kúrò lọ́kàn rẹ̀.

N kò ní fi àyè ṣòfò lórí ohun tí òkè ayọnáyèéfín jẹ́. Òǹkàwé ìwé yìí ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rin ibi tí iná ilẹ̀ ti jáde lóòótọ́ ní agbègbè wa yìí já, kí a fojú rí àmì tó fi sílẹ̀, kí a tó padà wálé wá wo Ìdànrè.

Láti Annobón dé Biu

Ìlà òkè Kamẹrúùnù gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 1,600. Àárín òkun ló ti bẹ̀rẹ̀, ní erékùṣù Annobón. Ó gba São Tomé, Príncipe àti Bioko, ó gúnlẹ̀ síbi òkè Kamẹrúùnù, ó sì gba Manengouba, Bamboutos àti Oku wọ àárín ilẹ̀ lọ. Lókè lọ́hùn-ún ló ti là sí méjì bí ẹ̀ka igi. Ẹ̀ka kan wọ Nàìjíríà dé òkè pẹrẹsẹ Biu ní ìpínlẹ̀ Borno, èkejì yà sí Adamawa, ní ìhà Ngaoundéré. Ìdajì rẹ̀ wà nínú òkun, ìdajì wà lórí ilẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n láyé.

Ní gúúsù São Tomé, òkúta kan nà ró láàárín igbó bí abẹ́rẹ́. Pico Cão Grande ni wọ́n ń pè é, ó sì fi ohun tó lé ní 300 mítà ga ju ilẹ̀ tó yí i ká. Òkúta yíyọ́ ló há sí ọ̀fun òkè, tó sì gan síbẹ̀. Òjò gbá ara òkè lọ, ọ̀fun nìkan ló kù. Irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ ni ṣóńṣó Rhumsiki ní ilẹ̀ àwọn Kapsiki ní àríwá Kamẹrúùnù. Irú rẹ̀ náà ni àpáta Wase ní ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí àwọn ẹyẹ òfú ti ń yé ẹyin tí wọ́n sì ń pa á.

Òkè Kamẹrúùnù fúnra rẹ̀ ga tó 4,095 mítà. Fako ni orúkọ téńté rẹ̀, àwọn Bakweri tó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbà pé Epasa Moto ló ni ín, ẹni tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ènìyàn tí ìdajì jẹ́ òkúta. Ó yọ iná ní 1909, 1922, 1954, 1959, 1982, 1999 àti 2000. Ní 1922, òkúta yíyọ́ ṣàn láti ara rẹ̀ wọ inú òkun. Ní 1999, ó ṣàn dé ìtòsí Bakingili, ó gé títì Limbe sí Idenau, kò sì ju nǹkan bíi 200 mítà lọ tó kù kó dé òkun kó tó dúró. Lẹ́bàá òkè yìí kan náà ni Debundscha wà, níbi tí òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan ti lé ní mílímítà 10,000, ọ̀kan nínú ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ láyé.

Akẹgbẹ́ mi sọ pé iná yìí ń rìn. Hawaii ló fi ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí J. Tuzo Wilson ti ṣàlàyé ní 1963 pé ojú iná kan dúró sójú kan lábẹ́ ilẹ̀, tí èèpo ilẹ̀ sì ń yí kọjá lórí rẹ̀, tí àwọn erékùṣù fi tò ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Ìlà Kamẹrúùnù kò tò bẹ́ẹ̀. Òkè tó ṣì ń yọ iná wà láàárín ìlà náà gan-an, kò sí ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Biu tó jìnnà sí i lápá àríwá sì tún ní òkúta tó kéré lọ́jọ́ orí. J. Godfrey Fitton ti ṣàkíyèsí pé bí ìlà náà ṣe là sí méjì jọ bí àfonífojì Benue ṣe là, ó sì so wọ́n pọ̀. A lè jiyàn lórí àlàyé Fitton. Àmọ́ ohun tí kò tò ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, a kò lè sọ pé ó ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ya iná méjèèjì sọ́tọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró pẹ́ sí. Bí òkúta bá ti yọ́ lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè jáde. Ó sì lè kú sínú. Akẹgbẹ́ mi pe méjèèjì ní orúkọ kan, gbogbo àṣìṣe yòókù sì ti ibẹ̀ wá.

Ẹ mú òkúta kan láti Bakingili, kí ẹ mú òmíràn láti Ìdànrè, kí ẹ gbé wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti Bakingili dúdú. Ẹ tẹjú mọ́ ọn títí, ẹ kò ní rí hóró kan tó hàn gbangba. Ihò wẹ́wẹ́ ni ẹ ó rí bí ara búrẹ́dì, níbi tí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà jáde nígbà tó ń tutù. Ìta gbangba ló ti tutù, kíá sì ni, hóró rẹ̀ kò ráyè dàgbà. Básáàtì ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Ti Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Hóró rẹ̀ tóbi débi tí ènìyàn lè fi èékánná tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èyí tó mọ́ bí dígí, àti èyí tó dúdú tó ń dán. Kò sí ihò afẹ́fẹ́ kankan lára rẹ̀. Akọ òkúta nìyí, gránáìtì. Kí hóró tó lè tóbi tó bẹ́ẹ̀, òkúta náà gbọ́dọ̀ tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìgbà tó gùn gan-an, ilẹ̀ tó nípọn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí aṣọ òtútù.

Nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni èyí ṣẹlẹ̀. Òjò, oòrùn àti odò ti ń gbá ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró lábẹ́ òkè Òrósùn lónìí, tó gbójú sókè, tó ń bèèrè bí iná ṣe ti nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ jáde, ìbéèrè rẹ̀ ti ṣì. Ìdànrè kò wú jáde rí. Ilẹ̀ tó bò ó ló lọ, òun ló le tó láti dúró. Òkè Kamẹrúùnù ń ga sí i nígbà gbogbo tó bá bì. Ní ti Ìdànrè, láti ọjọ́ tó ti yọjú síta ni ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Wọ́n lè bi mí pé: ṣé kò lè jẹ́ pé òkè ayọnáyèéfín kan wà lórí gránáìtì yìí nígbà náà lọ́hùn-ún, tí Ìdànrè wá jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyẹn, òkè Jos sì ni mo fi máa dáhùn rẹ̀. Lábẹ́ Jos, gránáìtì kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bíi 140 sí 210 mílíọ̀nù ọdún, inú rẹ̀ ni kùsà tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ti wá. Ó tò ní òrùka òrùka, àwókù òkúta tó jáde síta sì ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní. Níbẹ̀, gbòǹgbò àti ẹ̀ka jọ wà pọ̀, a sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òkè ayọnáyèéfín ti wà níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni iná mìíràn tún jáde lórí Jos kan náà, tó fi òkìtì kéékèèké sílẹ̀ ní ìhà Kerang àti Panyam. Ta ló rí òrùka bẹ́ẹ̀ ní Ìdànrè? Ta ló rí i ní Abẹ́òkúta? Kódà bí nǹkan kan bá wà lórí Ìdànrè nígbà náà, ó ti lọ pátápátá. Ohun tó ti tutù láti 600 mílíọ̀nù ọdún, tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí kúrò, a kò lè pè é ní ohun tó sùn. Ó ti kú.

Ẹ̀rí mẹ́ta náà

Ti Ìjẹ̀bú-Òde kò ní pẹ́ lẹ́nu wa. Ilẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní ojú sísán àtijọ́, èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn ló gba Ifẹ̀wàrà kọjá. Bí ìnira bá pọ̀ jù lára irú ojú sísán bẹ́ẹ̀, ó lè sún díẹ̀, ilẹ̀ yóò sì mì. Ìyẹn kò béèrè iná.

Ìkògòsì ló fa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ó jẹ́ ohun ìyanu láti rí omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù tí wọ́n ń ṣàn pàdé ara wọn. Àmọ́ níbi púpọ̀ láyé, bí a bá wọlẹ̀ ní kìlómítà kan, ooru máa ń fi nǹkan bíi díńgírì 25 sí 30 pọ̀ sí i. Òkúta Ìkògòsì sán. Omi òjò ń gba ojú sísán náà wọlẹ̀ jìn, ó ń gbóná níbẹ̀, ó sì ń yára gòkè padà kó tó tutù tán. Omi tútù ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbẹ́ kànga tó jìn ní kìlómítà kan sí abẹ́ ilé èyíkéyìí ní Èkìtì, omi yòówù tí a bá bá níbẹ̀ yóò lọ́wọ́ọ́wọ́.

Adágún Ìyákẹ̀ ni mo rò pé akẹgbẹ́ mi gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ó ní adágún orí òkè, kòtò ẹnu òkè ayọnáyèéfín ni. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Adágún Nyos ní Kamẹrúùnù jìn tó 208 mítà. Òkúta yíyọ́ ló pàdé omi abẹ́ ilẹ̀, tó bú gbàù, tó da eérú àti àfọ́kù òkúta yí etí kòtò náà ká. Bẹ́ẹ̀ ni Barombi Mbo lẹ́bàá Kumba, tí ẹja inú rẹ̀ kan kò sí níbòmíràn láyé. Bẹ́ẹ̀ ni Tila ní Biu. Etí adágún ló ń jẹ́rìí. Ìyákẹ̀ kò ní eérú létí, kò ní àfọ́kù; gránáìtì tó gbé òkè náà ró ló yí i ká, òjò ló sì ń gbára jọ síbi tí òkúta ti jẹ sínú. Ọ̀wọ̀ tí àwọn ará Àdó-Àwáyé ń fún un ní ìdí tirẹ̀, n kò sì fọwọ́ kan ìyẹn.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ Nyos, n kò lè kọjá lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, gáàsì kábọ́n-dayọ́ọ́sáìdì tú jáde láti inú adágún náà. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ṣàn gba àfonífojì bí omi. Nǹkan bíi 1,700 ènìyàn ló kú, ọ̀pọ̀ lójú oorun, àti nǹkan bíi 3,500 ẹran ọ̀sìn. Haroun Tazieff sọ pé òkè ló bú. Haraldur Sigurdsson sọ pé gáàsì ti ń wọ ìsàlẹ̀ omi díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni, títí omi fi yí padà tó tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí wà lẹ́yìn Sigurdsson, èmi náà sì wà níbẹ̀: Monoun ti pa ènìyàn 37 bákan náà ní 1984, iná kò sì jáde níbẹ̀. Láti 2001 ni wọ́n ti ri páìpù sínú Nyos láti máa fa gáàsì náà jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Bí etí Nyos tí kò le bá ya, omi rẹ̀ yóò gba odò Katsina-Ala wọ Nàìjíríà. Ara ìdí tí wọ́n fi kọ́ ìdídò Kashimbila ní Taraba nìyẹn. Ẹni tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ pé Ìdànrè yóò bì ń gbójú wọn kúrò lára ewu tó wà ní ẹnubodè wa.

N kò sọ pé ìwádìí ti parí. Bóyá ẹnìkan yóò rí ohun tí n kò rí lọ́la. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀ báyìí, kò dà bíi pé ẹ̀rí kan wà tí a lè fi pe àpáta ilẹ̀ Yorùbá kankan ní òkè ayọnáyèéfín tó sùn, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.

Ohun tí àwọn agbẹ́lọ mọ̀

Nígbà tí mo ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ kan ń bá mi jà. Mo ń wá orúkọ Yorùbá fún òkúta oníhóró ńlá àti òkúta oníhóró kéékèèké, “akọ òkúta” nìkan ló sì wà lẹ́nu mi, pẹ̀lú yangí tí gbogbo wa mọ̀. Àmọ́ àwọn ìyá wa mọ ìyàtọ̀ yìí kí onímọ̀ ilẹ̀ kankan tó dé. Ọlọ tí hóró rẹ̀ tóbi tí kò dì, á máa já sínú ata. Èyí tó dán jù kò ní lọ̀ ọ́. Ẹni tó ń gbẹ́ ọlọ gbọ́dọ̀ mọ òkúta tó ń wá, kó mọ ibi tó wà, kó sì ní orúkọ tó ń pè é. Àwọn afọ́kùúta Abẹ́òkúta náà kì í fọ́ òkúta láìmọ ibi tí yóò ti là. Mo fẹ́ kó àwọn orúkọ wọ̀nyí jọ láti ìlú dé ìlú, kí a fi wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ní èdè wa, dípò bí mo ṣe ń yá básáàtì lò nínú ìwé yìí.

Ẹ̀rọ ìlọta ti gba ipò ọlọ nílé púpọ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ẹ sì ti dàgbà. Bí ẹ bá ní ìyá, bàbá tàbí ará àdúgbò tó ti gbẹ́ ọlọ tàbí tó ti fọ́ òkúta rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ orúkọ òkúta kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe pè é, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń wà á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí.