Àpá Ara Ṣílè: Àyẹ̀wò Ohun Tí Ó Ba Owó Onírin Àtijọ́ Jẹ́ ní Ìbàdàn, 1901 sí 1973

Ìfáárà

Ìwé, ìtàn àtẹnudẹ́nu àti oríkì ni àwọn onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá gbára lé jù lọ. Owó tí àwọn ènìyàn ná kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè láàrin àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí, pàápàá jù lọ owó tí ó ti bàjẹ́. Bí ṣílè kan tí ó lu, tí ó tẹ̀, tí ó sì dúdú bá jáde nínú ìpìlẹ̀ ilé ní Ọjà'ba tàbí ní Bẹẹrẹ, ẹni tí ó rí i lè jù ú nù. Bí kò bá jù ú nù, gbólóhùn kan péré ni yóò sọ: owó ètùtù ni, tàbí ayédèrú ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì ti wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kókó bébà yìí ni pé àpá tí ó wà lára owó ní ètò. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ lè mọ ohun tí ó fà á, ó sì lè mọ èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ó wà níbẹ̀. Èrò tí a bá gbé ka orí owó tí ó bàjẹ́ lè ba orúkọ ìlú tàbí ti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan jẹ́.

Irú owó tí ó wọ Ìbàdàn

Kí ṣílè tó dé, owó ẹyọ ni Ìbàdàn ń ná. Ogójì ẹyọ ni ó máa ń wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Kí okùn tó lè kọjá nínú owó ẹyọ, a ní láti fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn òǹkàwé títí dé òpin, nítorí ó fi hàn pé lójú Yorùbá, ihò kì í ba owó jẹ́. Ihò gan-an ni ó ń jẹ́ kí owó ṣeé kà, kí ó sì ṣeé rù.

Lẹ́yìn tí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí kòkó sì di ohun ọ̀gbìn pàtàkì, fàdákà Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní 1907, ìjọba mú kọ́bọ̀ àti onínì jáde pẹ̀lú ihò róbótó láàrin, kí àwọn tí ó ti mọ́ lára láti máa sín owó lè rí i sín. Nítorí náà, ihò àárín kọ́bọ̀ kì í ṣe àpá rárá. Ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọ́ ni ó dá a sí i. Ní 1912, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1913, tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì onífàdákà ti ìgbìmọ̀ náà jáde. Ère Ọba George Karùn-ún wà ní iwájú ṣílè, igi ọ̀pẹ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, fàdákà wọ́n gan-an lórí àtẹ ayé. Láti 1920, idẹ ni ìgbìmọ̀ náà fi ń ṣe ṣílè, ó sì ń kó ti fàdákà kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àpá àti ohun tí ó ń fà á

Èkíní ni ihò. Bí ó bá jẹ́ ìṣó ni a fi lu ṣílè, ojú ibi tí ìṣó wọ̀ yóò jìn sínú, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì yọ ètè. Bí ó bá jẹ́ irin ìlu ni, ojú méjèèjì yóò mọ́. Ibi tí ihò wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Èyí tí ó bá wà lókè orí ọba fi hàn pé ẹni tí ó lu ú fẹ́ kí ère náà dúró gangan nígbà tí ó bá ń rọ̀, bí ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn. Bí òkè ihò bá ti jẹ, tí ó gùn díẹ̀, okùn ti gé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú owó bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí owó ẹyọ ti ń ṣe tipẹ́ lára aṣọ àti lára ère ìbejì: owó ni, ọ̀ṣọ́ sì ni.

Èkejì ni òòlù àti iná. Ṣílè tí a fi òòlù lù yóò fẹ̀, etí rẹ̀ yóò sì sán. Èyí tí rélùwéè gùn kọjá yóò gùn sí apá kan ṣoṣo, yóò sì fẹ́lẹ́. Èyí tí iná ilé jó kò ní fẹ̀ rárá. Etí rẹ̀ ni yóò yọ́, tí ojú rẹ̀ yóò sì wú léròrò. Ní àárín Ìbàdàn, níbi tí agboolé ti fara kan agboolé, tí koríko sì jẹ́ òrùlé kí páànù tó gbòde, iná kì í ṣe ohun tí òpìtàn lè fojú fò. Ti alágbẹ̀dẹ fàdákà tún yàtọ̀. Ẹwìrì àti èédú a máa yọ́ owó pátápátá, nítorí náà ṣílè tí ó bá di ẹ̀gbà kò ní sí mọ́ láti fi jẹ́rìí. Èyí tí ó yọ́ dé ààbọ̀ nìkan ni ó lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀. Ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀ ni báńkì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fàdákà a máa dúdú nínú ilẹ̀. Idẹ a máa sọ síńkì inú rẹ̀ nù, a sì pupa bí bàbà. Ẹni tí kò mọ èyí lè rí ṣílè onídẹ tí ó pupa, kí ó sì pè é ní ayédèrú.

Ẹ̀kẹrin ni àpá ìdánwò. Oníṣòwò tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ a máa ju owó sórí òkúta láti gbọ́ dídún rẹ̀, tàbí kí ó fi ọ̀bẹ ya á. Fàdákà a máa dún gooro. Òjé kì í dún. Bí ojú ọgbẹ́ bá funfun dé inú, owó náà jàre.

Àpẹẹrẹ kan

Kí a gbà pé ṣílè 1913 kan ní ihò lókè adé, ọgbẹ́ ọ̀bẹ lórí igi ọ̀pẹ, àti dúdú káàkiri ara. Ọdún tí ó wà lára rẹ̀ fi hàn pé kò sí àpá kankan níbẹ̀ tí ó ṣáájú 1913. Bí dúdú náà bá wọ inú ọgbẹ́, ọgbẹ́ ṣáájú ilẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá la ètè ihò kọjá, tí ó sì gé e, ihò ṣáájú ọgbẹ́. Ìtàn tí ó jáde ni pé a fi owó náà ṣe ọ̀ṣọ́, ó padà sọ́jà, ẹnìkan ṣiyèméjì sí i nítorí ihò ara rẹ̀, ó ya á wò, ó sì rí i pé fàdákà ni. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá mọ́, tí ó ń dán, a jẹ́ pé ọkọ́ ẹni tí ó wú u ni ó ṣá a, ìtàn ọjà náà kò sì dúró mọ́.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú

Tóyìn Fálọlá àti Ayọ̀dèjì Olúkòjú ti kọ̀wé lórí ayédèrú owó ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí wọn sì fi hàn pé iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òtítọ́ ni èyí. Òtítọ́ sì ni pé ṣílè onídẹ, tí irin inú rẹ̀ kò tó iye tí a ń ná an, mú un rọrùn láti ṣe ayédèrú ju ti fàdákà lọ. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni kí a máa fi gbogbo owó tí ó bàjẹ́ ní Ìbàdàn sọrí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú tàbí àwọn alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó rọ ayédèrú ń fẹ́ kí owó rẹ̀ jọ èyí tí ó pé. Kò ní ìdí láti lu ú tàbí láti tẹ̀ ẹ́. Ọgbẹ́ ọ̀bẹ, ní tirẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí ẹni tí ó ń sọ́ra fún ayédèrú, kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣe é.

Ìkádìí

Nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Èyí tí olówó rẹ̀ kò rántí hú kúrò nínú ilẹ̀ wá di irin lásán. Síbẹ̀, irin lásán náà ni ó ń sọ ìtàn ìyá ọmọ, oníṣòwò àti àgbẹ̀ tí kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè lọ́wọ́ òpìtàn ni pé kí ó kọ́kọ́ to àpá tẹ̀lé ara wọn, kí ó gbé gbogbo ohun tí ó lè fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, kí ó tó dárúkọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Níbi tí àpá méjì kò bá ti fara kan ara wọn, kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tí ó ṣáájú. Àbá ni kí a pè é níbẹ̀, kí a má pè é ní ìtàn.