George-Hainl, François (1807–1873)

Ọmọ ìlú Issoire ní ilẹ̀ Faransé ni. Ó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ fún sẹ́lò títa ní Conservatoire ti Paris lọ́dún 1830, ṣùgbọ́n dídarí ọpẹ́rà ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Àwọn kan lè ní oríire lásán ló gbé e dé Opéra ti Paris ní 1863, torí aáwọ̀ tó wà láàárín Verdi tó ń kọ ọpẹ́rà àti Dietsch, olùdarí tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ló ṣí àyè sílẹ̀. Àyè ṣí lóòótọ́. Àmọ́ ó ti lo ogún ọdún ó lé nídìí iṣẹ́ yìí ní Lyon. Nígbà tí ó kọ́kọ́ darí *L'Africaine* ní 1865, Meyerbeer tó kọ ọ́ ti kú, kò sì lè bi í léèrè ohun tó rú u lójú. Ní 1867, *Don Carlos* ti Verdi kan náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Oríire kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.