Ìgbélárugẹ agbára ẹ́ńjìnnì nínú Volkswagen Ìjàpá

Ìgbélárugẹ agbára Volkswagen Ìjàpá ni iṣẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń ṣe láti mú kí ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì yìí, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì, lágbára ju bí àwọn tó ṣe é ti fi í sílẹ̀ lọ. Ọgbọ́n ni Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, fi ń borí nínú àlọ́ àwọn baba wa, kì í ṣe eré ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà kò sì yá nílẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ yí èyí padà lè gbà: kí ó fẹ sílíńdà ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá lójú, kí ó fi ẹ̀rọ ti atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ tipátipá, tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò kí ó sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ooru ni adájọ́ tí yóò dá ẹjọ́ náà níkẹyìn.

Ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, sílíńdà rẹ̀ mẹ́rin dùbúlẹ̀ ní méjì-méjì sí ọ̀tún àti òsì. Kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi. Fáànù kan tí fánbẹ́ẹ̀tì ń yí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, ọ́ìlì tí kò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ ló sì ń bá a gbé ìyókù ooru náà. Àwọn tó jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì jẹ́ 1,131 cc, agbára wọn kò sì ju ti ẹṣin 25 lọ. Ní 1954 ó di 1,192 cc àti 30. Ní 1965, 1,285 cc àti 40. Ní 1966, 1,493 cc àti 44. Nígbà tó sì di 1970, ẹ́ńjìnnì 1,584 cc, tí a ń pè ní 1600, dé pẹ̀lú agbára ẹṣin 50. Asẹ́ wáyà lásán ló ń sẹ́ ọ́ìlì nínú gbogbo wọn, nítorí náà, kí a fi fíltà gidi kún un ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ máa ń ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Fífẹ sílíńdà lójú

Ọ̀nà yìí ló pẹ́ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti wọn iye rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Okrasa ti Gerhard Oettinger, ní Jámánì, ti ń ta tọ́ọ̀pù sílíńdà tí ihò ìmíwọlé rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì, pẹ̀lú kabúrétọ̀ Solex méjì, nígbà tí ti ilé-iṣẹ́ ṣì ń fi ihò kan ṣoṣo bọ́ sílíńdà méjì. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ kan ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀: sílíńdà 1600, tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 85.5, ni a fi ti mìlímítà 90.5 tàbí 94 rọ́pò, a sì fi kráńkì tí ìrìn písítìnì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 82 dípò ti 69. Bí a bá pa 90.5 pọ̀ mọ́ 82, ẹ́ńjìnnì di 2,110 cc. Bí ó bá jẹ́ 94, ó di 2,276 cc. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ yẹra fún owó ìgé irin, tí wọ́n sì ń ra sílíńdà mìlímítà 88 tó ń wọ inú ihò àtijọ́ láìgé ohunkóhun; ṣùgbọ́n ara irú sílíńdà bẹ́ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, bí ooru bá ti mú un tán, kì í pẹ́ kó tó wọ́.

Fífi ipá bọ́ ẹ́ńjìnnì ní atẹ́gùn

Epo kò lè jó ju ibi tí atẹ́gùn bá a dé lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá lè ti atẹ́gùn púpọ̀ sí i wọ inú sílíńdà ti sọ ẹ́ńjìnnì kékeré di ńlá láìfi kún ìwọ̀n rẹ̀. Sùpáṣájà, tí fánbẹ́ẹ̀tì ń yí, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìjàpá: ilé-iṣẹ́ Judson, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ta irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ó sì ní ìgò ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ tí ń kán sínú rẹ̀ kí abẹ́ rẹ̀ má baà jẹ. Tọ́bò ní tirẹ̀, tí Alfred Büchi ará Switzerland gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìpilẹ̀ rẹ̀ ní 1905, ń lo èéfín tí ẹ́ńjìnnì ti kọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá fi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá agbára atẹ́gùn ayé kún èyí tó ń wọlé, agbára ẹ́ńjìnnì yóò fẹ́ẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, bí ooru kò bá ní já díẹ̀ gbà nínú rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Lóòótọ́, ìfúnpọ̀ 1600, tó wà ní nǹkan bí 7.5 sí 1, kéré tó láti gba tọ́bò mọ́ra. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀pù sílíńdà tí kò ní omi lára kò ní ibi tí yóò da ooru àlékún náà sí. Bí epo bá wá gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀ nínú irú iná bẹ́ẹ̀, orí písítìnì lè lu. Ìdí nìyí tí a fi ń dá ìtànná plọ́ọ̀gì dúró díẹ̀, tí a ń fi epo kún àdàlù, tí a sì ń gbé ọ́ìlì kúlà kejì sí ibi tí atẹ́gùn ti lè kàn án. Ní Bràsíìlì, níbi tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọtí ìrèké gẹ́gẹ́ bí epo ọkọ̀ ní 1975, àwọn olùlo tọ́bò rí àǹfààní ńlá, nítorí pé ọtí náà ń tu sílíńdà lára bí ó ti ń gbẹ, kì í sì í yára gbiná ṣáájú àkókò.

Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì

Onírúurú ọ̀bẹ là ń rí lọ́jọ́ ikú erin, onírúurú ẹ́ńjìnnì ni a sì ti rí lẹ́yìn Ìjàpá. Ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ni èyí tí Volkswagen kọ́ fún ọkọ̀ 411 ní 1968, tí a sì fi sínú 914. Àpótí aluminiomu àti fíltà gidi ló ní, ó sì dé 1,971 cc àti agbára ẹṣin 100, ṣùgbọ́n a ní láti yí ilé fáànù rẹ̀ padà. Ẹ́ńjìnnì Corvair ti Amẹ́ríkà, onísílíńdà mẹ́fà, náà ń fi atẹ́gùn tutù, àmọ́ òdìkejì ló ń yí. Ẹni tí kò bá ṣàtúnṣe èyí yóò ní gíá mẹ́rin fún ìpadàsẹ́yìn àti ẹyọ kan fún ìlọsíwájú. Subaru EJ22, 2,212 cc, ń yí síbi tó yẹ, agbára rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti 1600 lọ, ṣùgbọ́n omi ló ń mu, a sì ní láti fa páìpù láti ẹ̀yìn dé iwájú ọkọ̀ fún rédíétọ̀. Ní Bràsíìlì, ẹ́ńjìnnì AP ti Volkswagen fúnra rẹ̀ ló wọ́pọ̀.

Ọ̀rọ̀ sílíńdà kẹta

Àwọn onímọ̀ kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìdí tí fáàfù èéfín sílíńdà kẹta fi máa ń jó ṣáájú ti àwọn yòókù. Èyí tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ọ́ìlì kúlà àtijọ́, tó dúró nínú ilé fáànù gan-an, ń dínà mọ́ atẹ́gùn tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí i pé a ṣe àwọn dísíríbútọ̀ kan tí ń dá ìtànná sílíńdà náà dúró díẹ̀, àti pé fún ọkọ̀ ọdún 1971 ni a gbé kúlà kúrò lójú ọ̀nà náà. Àwọn mìíràn ń di ẹ̀bi ru fáàfù fúnra rẹ̀ àti àìtún àlàfo rẹ̀ ṣe déédéé. Ó ṣeé ṣe kí ìdí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tó dájú ni pé ilé fáànù ti 1971 ni a sábà máa ń yàn fún ẹ́ńjìnnì tí a bá fi agbára kún.

Búrékì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti òfin

Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé; agbára tí a fi kún ẹ́ńjìnnì ń béèrè búrékì àti ẹsẹ̀ tó lè gbé e. Búrékì dírọ́ọ̀mù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, àfi láti 1966 tí èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1,493 cc ti ní díìsìkì níwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àwọn ti àtijọ́ sì lè ká sábẹ́ ọkọ̀ níbi kọ́nà líle. Ní Jámánì, àyẹ̀wò àti ìwé àṣẹ ni ìyípadà ẹ́ńjìnnì ń béèrè. Ní California, àwọn ọkọ̀ 1975 àti èyí tó ṣáájú bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò èéfín.

Ìtàn

Ní 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó. Bràsíìlì ṣe tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Fusca, láti 1959 dé 1986, àti láti 1993 dé 1996. Èyí tó kẹ́yìn gbogbo wọn, tó sọ iye wọn di 21,529,464, jáde ní Puebla ní Mẹ́síkò ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 2003, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1,584 cc tó ṣì ń fi atẹ́gùn tutù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilé-iṣẹ́ náà kò ta ẹyọ Ìjàpá kan tó ní tọ́bò tàbí sùpáṣájà.